Ọ̀nà Tí A Fi Ń Tọrọ Àyè Ní Èdè Òyìnbó

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ó ti mú ọmọ ọlọ́mọ sunkún lójú mi rí, èmi gan-an ni mo sì fà á.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí: bí ènìyàn bá fẹ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹlòmíràn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, irú ọ̀rọ̀ wo ni kí ó lò? Ṣé kí ó ní “Can I?” ni, àbí kí ó ní “May I?”? Ṣé “let me” ni, àbí “allow me”, àbí “permit me”? Òyìnbó ní ọ̀rọ̀ ilé, ó sì ní ọ̀rọ̀ òde, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ní aṣọ oko tí a sì ní aṣọ ìmúròde. Ẹni tí ó bá wọ aṣọ oko lọ sí ibi ìgbéyàwó, wọn a fi í rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó bá sì wọ agbádá wọ inú oko, ẹ̀gún a fà á ya. Mímọ ìgbà tí a ń wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ọgbọ́n.

Ọdún 2015 ni. Kò tíì pẹ́ tí mo gba ìwé ẹ̀rí N.C.E. tí mo fi dé ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní apá Ìkọ̀lé, tí wọ́n ní kí n máa kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni mí nígbà náà, ṣòkòtò mi mú gán-ín gán-ín, ẹnu mi sì mú jù ú lọ. Mo ṣe òfin kan fún kíláàsì mi: ọmọ tí ó bá fẹ́ jáde kò gbọdọ̀ sọ pé “Can I go out?”. “May I go out?” ni kí ó wí. Ẹni tí ó bá fi “can” bẹ̀rẹ̀, èsì tí tíṣà tèmi náà ń fún mi ní kékeré ni mo máa ń fún un: “You can, but you may not.” Ìyẹn ni pé, o ní agbára láti jáde, ṣùgbọ́n n kò yọ̀ǹda fún ọ. Gbogbo kíláàsì a bú sẹ́rìn-ín, inú mi a sì dùn pé mo ti kọ́ wọn lọ́gbọ́n.

Ní ọjọ́ kan ní àkókò òjò, ọmọbìnrin kan tí kò ì pé ọdún mẹ́tàlá nawọ́ sókè. Ó dìde dúró, ó ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó ní, “Excuse me, sir. Can I go out?” Mo fún un ní èsì mi. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ó tún gbìyànjú, ó ní, “Sir, I can may go out.” Ẹ̀rín náà wá pọ̀ sí i. Mo ní kí ó jókòó, kí ó rò ó dáradára. Kò ráyè rò ó. Níbi tí ó jókòó sí ni omi ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣàn sílẹ̀ lábẹ́ àga rẹ̀. Ẹ̀rín tí àwọn ọmọ yòókù rín lẹ́yìn èyí, etí mi kò ní gbàgbé rẹ̀ láyé. Ọmọ náà gbé àpò ìwé rẹ̀, ó ń sunkún, ó sì jáde. Kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni kò fi wá sí ilé ẹ̀kọ́. Ní ọjọ́ kẹwàá, ìyá rẹ̀ wá. Obìnrin tí ń ta gàrí àti èlùbọ́ lọ́jà ni. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà yàrá àwọn tíṣà, ó ní, “Àgò onílé o.” A ní, “Àgò yà.” Ó wọlé, ó tẹ orúnkún, ó kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dé ọ̀dọ̀ igbákejì ọ̀gá wa, bàbá arúgbó tí ó kù díẹ̀ kí ó fẹ̀yìn tì, ó ní, “Bàbá, o kú iṣẹ́ o, ṣé ara rẹ le?” Bàbá náà dá a lóhùn tẹ̀rín tẹ̀rín. Lẹ́yìn náà ni ó kọjú sí mi.

Ó ní, “Tíṣà, n kò wá bá ọ jà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi ọ́. Nígbà tí ọmọ mi sọ ohun tí ó sọ lọ́jọ́ náà, ṣé o kò mọ ohun tí ó ń tọrọ ni?”

Mo dákẹ́. Nígbà tí ó ṣe, mo ní, “Ìyá, mo mọ̀ ọ́n.”

Ó ní, “Ó tán.” Ó ní ọmọ òun yóò wá ní ọjọ́ Ajé, ó tún tẹ orúnkún, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Bí ó ti jáde tán ni tíṣà kan tí ó jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́ yíjú sí wa. Ó ní, “Kí ni mo gbọ́ yìí? Obìnrin yìí ń sọ ‘o’ sí bàbá tí orí rẹ̀ funfun báyìí? Wọn kò kọ́ ọ ní ‘ẹ’ ni?” Èmi àti bàbá náà rẹ́rìn-ín, èmi ni mo sì ṣàlàyé fún un. Mo ní nínú èdè Èkìtì tí a bá lẹ́nu àwọn àgbà wa, ‘ìwọ’ kan náà ni ọmọdé àti àgbà ń jẹ́. ‘Ẹ̀yin’ wà fún ènìyàn púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lọ́dọ̀ àwọn Ìjẹ̀ṣà àti àwọn Oǹdó. Kì í ṣe pé a kò mọ ọ̀wọ̀. Ibòmíràn ni a gbé ọ̀wọ̀ tiwa sí. Ó wà nínú ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀, ó wà nínú ìkíni, ó wà nínú bí a ti ń pe orúkọ oyè ẹni. Mo ní, “Ṣé o kò rí i pé ó ní ‘àgò’ kí ó tó wọlé? Ṣé o kò rí orúnkún rẹ̀ ni? Ọ̀wọ̀ wo ni ó tún kù?” Ọ̀rẹ́ mi gbà.

Ní òru ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ tí mo fi ẹnu ara mi sọ padà wá bá mi lórí ibùsùn. Mo ti gba ẹjọ́ ìyá rò nítorí ‘o’, ṣùgbọ́n n kò gba ẹjọ́ ọmọ rò nítorí “can”. Ọmọ náà nawọ́, ó dìde, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ní “excuse me”, ó ní “sir”. Ọ̀wọ̀ wo ni ó kù? Ọ̀rọ̀ kékeré kan ṣoṣo ni mo rí, n kò rí orúnkún tí ó fi kúnlẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ìdí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí nínú ìwé. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbọ́.

Èkínní, ẹ jẹ́ kí á mọ ìdí tí àṣìṣe yìí fi pọ̀ lẹ́nu wa. Ní Yorùbá, ‘lè’ kan ni ó ń ṣe iṣẹ́ gbogbo. A ń sọ pé, “Mo lè gbé àpò gàrí yìí,” agbára ni à ń wí. A ń sọ pé, “O lè máa lọ,” ìyọ̀ǹda ni à ń wí. A ń sọ pé, “Òjò lè rọ̀ lálẹ́,” ohun tí ó ṣeé ṣe ni à ń wí. Òyìnbó pín in: “can” ni ó ń lò fún agbára, “may” fún ìyọ̀ǹda àti fún òjò. Nítorí náà, ọmọ Yorùbá tí ó bá ní “Can I go out?” kì í ṣe aláìgbọ́n, èdè ìyá rẹ̀ ni ó fi ń ronú.

Èkejì, àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò dúró lójú kan. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ tí ó di “can” túmọ̀ sí pé kí ènìyàn mọ nǹkan. Ọ̀rọ̀ tí ó di “may” ni ó túmọ̀ sí pé kí ènìyàn ní agbára. Ẹ wo “might” tí wọ́n ń pe agbára ńlá títí di òní, ìbátan “may” ni. Ẹ ò rí i bí ayé ti ń yí! “May” tí mo fi ń fìyà jẹ ọmọ pé ìyọ̀ǹda nìkan ni ó ń jẹ́, agbára ni òun náà ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó kúrò níbẹ̀, “can” sì bọ́ sí àyè rẹ̀. Nígbà tí ó yá, “can” náà tún bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀lé “may” lọ sí ilé ìyọ̀ǹda. Láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni èyí ti di ohun tí gbogbo ènìyàn ń gbọ́, ìwé atúmọ̀ èdè ti Oxford àti ti Merriam-Webster sì ka ìyọ̀ǹda mọ́ iṣẹ́ “can” lónìí. Ẹni tí ó ní “Can I go out?” kò ba Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ rárá. Aṣọ ilé ni ó wọ̀.

Ẹ̀kẹta, Gẹ̀ẹ́sì dàbí Èkìtì. “You” ni ó ń pe ọba, “you” náà ni ó ń pe ọmọ ọ̀dọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní “thou” fún ẹnì kan, wọ́n sì ní “you” fún ọ̀pọ̀ àti fún ẹni ọ̀wọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn Faransé ti ní “tu” àti “vous”, èyí tí àwọn ará wa ní Kétu àti Pọ́tọ̀-Nóvò ní ilẹ̀ Benin mọ̀ dáradára. Ṣùgbọ́n “thou” kúrò lẹ́nu ọ̀pọ̀ wọn. Inú àdúrà àti Bíbélì àtijọ́ ti ọdún 1611 ni a ti ń rí i jù báyìí. Nígbà tí wọ́n ti sọ ‘ẹ’ tiwọn di ti gbogbo ayé, ibo ni wọn yóò gbé ọ̀wọ̀ sí? Wọ́n gbé e sínú irú ọ̀rọ̀ tí à ń wí yìí: “may”, “could”, “allow”, “permit”.

Ní ti “let”, “allow” àti “permit”, ogun ni ó pín wọn. Ní ọdún 1066, William tí í ṣe olórí àwọn ará Normandy ré òkun kọjá, ó sì ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà, Faransé ni wọ́n ń sọ láàfin, Látìn ni àwọn àlùfáà àti akọ̀wé ń kọ, Gẹ̀ẹ́sì sì kù sẹ́nu àgbẹ̀ àti ọlọ́jà. “Let” jẹ́ ti àgbẹ̀, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni. “Allow” bá Faransé wọlé. Látìn ni gbòǹgbò “permit”. Ìdí rẹ̀ nìyí tí “let” fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé, tí “allow” wà ní àárín, tí “permit” sì jókòó sí ọ́fíìsì pẹ̀lú táì lọ́rùn.

Àwa náà kò ṣàì ní irú rẹ̀. Ọmọdé a ní, “Jẹ́ n kọjá.” Àlejò a ní, “Àgò o.” Ẹni tí ó fẹ́ là á kọjá láàárín àwọn àgbà a ní, “Mo tọrọ gáfárà,” ọ̀rọ̀ tí ó ti ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá gba ilẹ̀ Haúsá wá bá wa. Ọ̀dọ́ tí ó bá pa òwe níwájú àgbà a ní, “Tótó, ó ṣe bí òwe o,” wọn a sì dá a lóhùn pé, “Wàá rí òmíràn pa.” Òṣèré kò ní ṣí eré láìkọ́kọ́ júbà. Àyè ni gbogbo wọn ń tọrọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò júbà nítorí kí ó lè mú iyọ̀ lórí tábìlì.

Báwo wá ni kí á ṣe é? Bí ẹ bá wà pẹ̀lú ọ̀rẹ́ tàbí ẹgbẹ́ yín, “Can I?” kò ní àbùkù. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí, tàbí oníbàárà, tàbí ọ̀gá, “Could I?” dára púpọ̀; ẹ má ṣe rò pé ohun tí ó ti kọjá ni “could” ń sọ níbẹ̀, ohùn ni ó ń rọ̀. Ní ìpàdé, níwájú ìgbìmọ̀, tàbí lọ́dọ̀ ẹni tí ẹ fẹ́ bu ọlá fún, ẹ lo “May I?”. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún èsì. Bí àgbà bá kan ìlẹ̀kùn yín tí ó ní “May I come in?”, ẹ má ṣe dá a lóhùn pé “You may.” Ọ̀rọ̀ ọ̀gá sí ọmọ iṣẹ́ nìyẹn. “Please do” ni kí ẹ wí, òun ni ó sún mọ́ “Àgò yà”.

Ẹ kíyè sí ìtò wọn pẹ̀lú. “Let me go” ni, kì í ṣe “let me to go”. “Allow me to go” ni, kì í ṣe “allow me go” tí à ń gbọ́ kiri ìgboro. “Permit me to go” náà ni. Bí wọ́n bá gbà fún yín, ẹ ní “I was allowed to go”. Ẹ má ṣe ní “I was let to go”.

“Let” ní ẹ̀tàn mìíràn. Láti ìgbà tí Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti dé Ọ̀yẹ́ ní ọdún 2011, tí ẹ̀ka rẹ̀ sì wà ní Ìkọ̀lé, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń wá yàrá, pátákó “To Let” sì ń bẹ lára ilé. Níbẹ̀, “let” ń sọ pé ilé wà fún yíyá. Àwọn ọmọ aláwàdà a sì máa fi lẹ́tà kan kún un tí yóò fi di ilé ìyàgbẹ́. Bí ẹ bá sì ṣí ìwé ìrìnnà àwọn ará Britain, ẹ óò rí “without let or hindrance”. Ìdènà ni “let” níbẹ̀, òdìkejì ìyọ̀ǹda pátápátá! Ọ̀rọ̀ méjì àtijọ́ ni wọ́n ti pàdé lójú kan náà.

Ní ti ìwé kíkọ, ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ tẹ́tí sí mi níhìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ń ta pákó ní Ọ̀yẹ́ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì kan, ó ní kí n bá òun wò ó. Ohun tí ó kọ ni pé: “Let me put container in front of my shop. I can put it there from next month.” Ní Yorùbá ọkàn rẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀ ni: “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n gbé kọ̀ntéénà síwájú ṣọ́ọ̀bù mi, mo lè gbé e síbẹ̀ láti oṣù tí ń bọ̀.” Ṣùgbọ́n lójú ẹni tí yóò kà á, àṣẹ ni ó pa, ó sì fi ìhàlẹ̀ lé e. Mo ní, “Ọ̀rẹ́, bí ìwọ fúnra rẹ bá lọ, wọn yóò rí fìlà tí o ṣí, wọn yóò gbọ́ ohùn rẹ. Ìwé kì í kúnlẹ̀, ìwé kì í dọ̀bálẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni yóò bá a dọ̀bálẹ̀.” A tún un kọ báyìí: “I write to ask for permission to place a container in front of my shop. I should be grateful if you would allow me to do so from next month.” Èsì dé kíákíá. Ohun tí wọ́n bá a sọ lẹ́yìn náà, iye owó ni, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì mọ́.

Òfin tí èmi ń tẹ̀lé láti ìgbà náà nìyí: níbi tí wọ́n bá ti rí ojú yín, ọ̀rọ̀ ilé tó. Níbi tí ó bá jẹ́ ìwé nìkan ni yóò lọ, ẹ wọ aṣọ ìmúròde fún un.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí ó ju ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ lọ. Bí ẹ bá gbé aláìsàn dé ilé ìwòsàn ńlá, bí irú èyí tí ó wà ní Ìdó, tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ, wọn yóò gbé ìwé wá tí wọ́n kọ “consent” sí. Ẹ má ṣe rò pé ẹ̀yin ni ẹ ń tọrọ àyè níbẹ̀. Àwọn dókítà ni wọ́n ń tọrọ, ẹ̀yin ni ẹ ó fi í fún wọn. “I consent” túmọ̀ sí pé “mo gbà, mo sì yọ̀ǹda”. Nítorí náà, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè kí wọ́n ṣàlàyé ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe ní èdè tí ẹ gbọ́, kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé òun ni onílé, báwo ni yóò ṣe mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun dáhùn “àgò yà”?

Mo padà sí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin yẹn. Ó wá ní ọjọ́ Ajé bí ìyá rẹ̀ ti wí. Mo dìde níwájú kíláàsì, mo ní mo ṣẹ̀ ẹ́, mo sì bẹ̀ ẹ́. Àwọn ọmọ ń wò mí bí ẹni pé orí mi yí. Mo ṣàlàyé fún wọn pé “May I?” ni ọ̀rọ̀ òde, a ó sì máa kọ́ ọ fún ìdánwò àti fún lẹ́tà, ṣùgbọ́n ẹni tí nǹkan bá ń gbọ̀n, èdè yòówù tí ó bá fi tọrọ, kí ó máa lọ.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò tètè wọlé. Odidi sáà kan ni ọmọ náà kò fi nawọ́ sókè ní kíláàsì mi. Nígbà tí ó yá ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sọ fún mi pé kì í mu omi ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo bá ní iṣẹ́ pẹ̀lú wọn. Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ rò ó wò: ọmọ ń fi òùngbẹ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Sáà kejì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nígbà tí mo ń kọ nǹkan sí ojú pátákó, tí mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi: “Excuse me, sir. Can I go out?” Mo yíjú padà. Òun ni. Kíláàsì pa lọ́lọ́, wọ́n ń retí ohun tí n ó sọ.

Mo ní, “Máa lọ, ọmọ mi.” Ó sì lọ.

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ẹ jẹ́ kí á kọ́ àwọn ọmọ wa ní ọ̀rọ̀ rere Gẹ̀ẹ́sì, ti ilé àti ti òde. Ṣùgbọ́n kí á tó tún ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ṣe, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí wọ́n ń tọrọ.

Ó dìgbà kan ná o.